Ọkọ Tuntun fún Olorì

Ní gbogbo Sátidé, tí ó bá ti kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, a máa ń gbé àga lọ sí pálọ̀ Àlàájà. Àlàájà ni ìyá onílé wa ní Agbowó. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní. Àlàájà á ti kírun Aláásàrí, wọ́n á jókòó sórí àga gígùn tó dojú kọ ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì kìlọ̀ fún wa: "Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá ń polówó ọṣẹ."

Kò sẹ́ni tó ń dúró dìgbà náà. Àlàájà gan-an kì í dúró.

Eré tí à ń wò ti wọ ọdún kẹfà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìtàn ìlú kan ni, ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò. Àwọn ará ibẹ̀ ń dáko, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń jà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí àwa náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ, ẹja ló máa dà. Ọba wọn kú níbẹ̀rẹ̀ eré náà. Orí ìtẹ́ ni wọ́n bá a, pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ lẹ́nu. Láti ọdún yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tó ń wo eré náà ń bi ara wọn: ta ló pa ọba?

Ọ̀nà méjì ni ilé wa pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlàájà ni olórí àwọn tó gbà pé olorì kò mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ rẹ̀. Bàbá Tísà ni olórí àwọn tó gbà pé olorì ló pa á. Bàbá Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Èkìtì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ní ìwé ìkọ̀wé kan tó ní èèpo pupa, níbi tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí nínú eré náà sí.

"Ẹ wò ó, Àlàájà, lọ́jọ́ tí ọba kú, iyanrìn wà lábẹ́ èékánná olorì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Iyanrìn ńkọ́? Ṣebí ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń gbé. Kí lẹ fẹ́ kó wà lábẹ́ èékánná ẹ̀, èlùbọ́?"

"Iyanrìn gbígbẹ ni mo wí. Gbígbẹ! Níbo ló ti rí gbígbẹ nínú omi?"

"Ẹ lọ bi í."

Àwọn kan sì lọ bi í lóòótọ́. Mo wà lọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ tí obìnrin tó ń ṣe olorì wá ra tòmátò. Ẹni tó fẹ́ tà á fún un ti kó o sínú ọ̀rá tán kó tó gbójú sókè wò ó. Ó da tòmátò náà padà sórí àtẹ. "Mi ò ní í tà fún ẹni tó pa ọkọ ẹ̀," ó ní. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Nígbà tí ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e náà fi aṣọ bo àtẹ tirẹ̀, tí ẹnì kẹta pòṣé, ó yí padà, ó sì lọ láì ra ohunkóhun.  

Ẹ̀yìn ni èmi máa ń jókòó sí nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. N kì í dá sí àríyànjiyàn wọn, wọ́n sì rò pé bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí mo ṣe rí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni mo ti kà ṣáájú wọn, nítorí èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá mi, mo kọ́ iṣẹ́ táípù, mo sì rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní òdìkejì ẹnubodè yunifásítì. Iṣẹ́ àṣejáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń tẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Túsìdeè, ọkùnrin tó ń kọ eré náà máa ń ti Mọ́kọ́lá wá, pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ kọ nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí n ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Kò gbà kí a ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. "Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ yẹn, kí ló ń fi ojú ẹ̀ ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Kábọ̀n tí mo bá lò, òun ló ń kó o lọ. Bébà tí mo bá bà jẹ́, òun náà ló ń kó o lọ.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú kábọ̀n láàárín wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti òǹkọ̀wé, ọ̀kan jẹ́ ti olùdarí eré. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Òfin Màdáàmù, ọ̀gá wa, ni pé a gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dà kan nínú gbogbo iṣẹ́, kí oníbàárà tó bá sọ tirẹ̀ nù má bàa dá wa lẹ́bi. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn ni ẹ̀dà eré náà ń gbé, ọwọ́ wọn nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹ̀rọ wa kò mọ èdè wa. Fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é: kò ní àmì orí, kò ní àmì ìsàlẹ̀. Bí mo bá tẹ̀wé tán, n ó mú báírò dúdú, n ó sì máa sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé kì í fi èyí ṣeré, nítorí òṣèré kan ti ka igbá ní ìgbà rí, tí gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ iṣẹ́ yẹn fi bàjẹ́. Ẹ̀dà méjì tó ń lọ síta ni mo máa ń sàmì sí. Ẹ̀dà ṣọ́ọ̀bù, n kì í sàmì sí i. Ta ló fẹ́ kà á?

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà nígbà tí Bùrọ̀dá Oníwáyà di aríran. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ó máa ń bá àwọn èèyàn tún wáyà ilé ṣe káàkiri, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Ní Sátidé kan, bí eré ṣe parí, ó na ọwọ́ sókè.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnubodè, ẹ ó rí i pé kì í ṣe èèyàn. Ọ̀nì ni."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá arúgbó náà di ọ̀nì lójú gbogbo wa. Èmi nìkan ni kò yà lẹ́nu pé ó di ọ̀nì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó mọ̀.

Ó tún sọ òmíràn, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé kejì àti ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí wá. Wọ́n á yí i ká lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Aríran, kí lẹ rí?" Ìgbà náà ló wá sọ pé atukọ̀ máa kú, pé ọkọ̀ rẹ̀ á sì rì pẹ̀lú rẹ̀.

Atukọ̀ yìí nìkan ni ẹni tí ọ̀nà méjèèjì jọ fẹ́ràn. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ará ìlú odò dé èbúté láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wa sunkún rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Bàbá Tísà ya bébà méjì nínú ìwé eléèpo pupa wọn, wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n: àwọn olólùfẹ́ eré yín ní Agbowó ń bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa atukọ̀. Wọ́n gbé e kiri yàrá fún ìfọwọ́sí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo rò ó pé bí mo bá kọ̀, wọ́n á béèrè ìdí. Mo fọwọ́ sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, òǹkọ̀wé wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjọ́ tí kì í ṣe Túsìdeè. Ó tẹ́ lẹ́tà náà síwájú Màdáàmù.

"Mà, ìpín yìí ò tíì jáde. A ò tíì yà á pàápàá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ pa atukọ̀?"

Màdáàmù ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka wọn dúró níbì kan.

"Ta ló ni ìfọwọ́sí yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ."

"Gbogbo ilé ló fọwọ́ sí i, mà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni, o wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ìwọ nìkan mọ̀ pé ó fẹ́ kú." Wọ́n ká lẹ́tà náà. "Bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bá tún jáde nínú eré yìí, wá ibòmíràn tẹ̀wé."

Ẹni tó bá mọ Agbowó nígbà yẹn á mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ti ń wọlé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ń dín àwọn tó ń fi táípúráítà ṣiṣẹ́ kù, wọn kò sì gba tuntun. Ẹni tí wọ́n bá wá lé pé kò ṣeé fọkàn tán, láti Agbowó dé Dùgbẹ̀, ta ló máa gbé ìwé oníbàárà lé e lọ́wọ́?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ gbogbo èèyàn. Mo ń wo ọwọ́ òǹkọ̀wé nígbà tó bá ń di àpò rẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń gbàgbé bébà sínú takisí. Mo ń ronú nípa olùdarí eré, tí n kò rí rí. Mo ń ka iye bébà kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tún ń kà á lẹ́yìn tí mo bá parí. Nílé, mo ń fetí sí ẹsẹ̀ Bùrọ̀dá Oníwáyà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dá a dúró lọ́jọ́ kan nígbà tó ń fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi.

"Bùrọ̀dá, níbo lẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ eré yìí?"

"Aríran kì í sọ ibi tó ti ń ríran, Àǹtí Onítáípù." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni?"

Àlàájà rí wa láti ojú fèrèsé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí.

"Ṣọ́ọ̀bù táípù lo ti ń ṣiṣẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ àti ọmọkùnrin oníwáyà yìí, kí ló wà láàárín yín?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Àwọn tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi." Wọn kò bínú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti yanjú ìṣòro kan tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu: ibi tí aríran ti ń ríran.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tẹ ìpín kan tí kò gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Mo sàmì sí ẹ̀dà méjì, òǹkọ̀wé kó kábọ̀n rẹ̀, Màdáàmù ti ẹ̀dà ṣọ́ọ̀bù mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ní Sátidé, bí orin ìparí ṣe dún, Bùrọ̀dá Oníwáyà dìde.

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n wá ọkọ tuntun wá fún olorì!"

"Wọ́n wá kí ni?" Àlàájà yí gbogbo ara padà.

"Ọkọ, Àlàájà. Àwọn àgbààgbà ìlú ló wá a. Olorì alára dúpẹ́. Ó ní ọkọ yìí lágbára, ó máa gbé òun dé èbúté láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kanlẹ̀."

Bàbá Tísà ti dìde. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Láti ọdún kìíní ni mo ti wí bẹ́ẹ̀! Ó pa ọ̀kan kó lè fẹ́ òmíràn!"

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin tísà yìí. Opó ò gbọdọ̀ lọ́kọ mọ́ ni? Ọdún mẹ́fà!"

"Irú ọkọ wo ló ń gbé èèyàn sọdá odò?" ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn. "Ṣé ẹṣin ni?"

"Ọkọ tó lágbára ni," Bùrọ̀dá Oníwáyà ní, ó na àyà. "Irú wa."

Ẹ̀rín gba pálọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di ìbínú. Obìnrin kan ní bí òun bá tún rí olorì nínú takisí ní Mọ́kọ́lá, òun máa da omi sí i lára. Wọ́n ń múra àtikọ lẹ́tà mìíràn.

Èmi ti la ẹnu. Mo pa á dé. Mo rántí gbólóhùn náà bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́: *Won wa oko tuntun wa fun olori.* Mo sì rántí bí mo ṣe sàmì sí i: *Wọ́n wa ọkọ̀ tuntun wá fún olorì.* Ọkọ̀ atukọ̀ ti rì, olorì kò ní ohun tó máa gbé e dé èbúté, àwọn àgbà wa ọkọ̀ mìíràn wá fún un. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ìpín náà. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà òǹkọ̀wé tàbí ti olùdarí kò lè sọ pé ọkọ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bébà tí kò ní àmì ni Bùrọ̀dá kà, bébà tí kò ní àmì kò sì ju ẹyọ kan lọ.

Mi ò fọwọ́ sí lẹ́tà kejì. Wọ́n kíyè sí i, wọ́n sì sọ ọ́ létí mi.

Òǹkọ̀wé gbé lẹ́tà náà wá ní Tọ́sìdeè. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó kà á sókè: "'A kò ní í gbà kí olorì fẹ́ ọkọ mìíràn.' Ọkọ wo? Èmi tí mo kọ ọ́, mi ò mọ̀ pé ó ń lọ́kọ."

Màdáàmù kò wo lẹ́tà. Èmi ni wọ́n wò. "Kó ẹrù rẹ."

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ki bébà kan bọ ẹ̀rọ, mo tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo, mo fà á yọ, mo fún òǹkọ̀wé.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ kà á."

"Wọ́n wá ọkọ tuntun..." Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún bébà náà wò. "Wa ọkọ̀. Ọkọ̀ ni!"

"Ẹ̀dà tí ẹ mú lọ ní àmì, sà. Ti olùdarí ní àmì. Ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kò ní." Mo yíjú sí Màdáàmù. "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá wa mú un jáde."

Màdáàmù kò tètè mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ náà, gbogbo ìpín yòókù wà níbẹ̀, a fi òwú dì wọ́n bí mo ṣe dì wọ́n. Ìpín ọkọ̀ tuntun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti dúrọ́ọ̀ náà padà, wọ́n sì sọ fún mi, kì í ṣe fún òǹkọ̀wé:

"Ṣé n ò sọ fún ọ pé kí o máa sàmì sí gbogbo ẹ̀dà?"

Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

 Màdáàmù jókòó. "Ìyá mi ni," wọ́n ní. "Wọ́n wà ní Ẹlẹ́yẹlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo eré yìí, ojú wọn wá fọ́ lọ́dún tó kọjá. Ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Mo máa ń mú ẹ̀dà yìí lọ fún wọn, n ó sì dá a padà. Èmi ò ráyè kà á. Ọmọkùnrin kan tó wá tún wáyà wọn ṣe ló ń bá wọn kà á."

Òǹkọ̀wé ń ká bébà mi sí kékeré. Mo rò pé ó máa pariwo.

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí atukọ̀ kú?" ó béèrè.

"Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà."

Ó mi orí. Ó kí Màdáàmù, ó kí èmi náà, ó sì lọ. Kò mú ìwé wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo gbọ́ pé Dùgbẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lọ.

Nígbà tí ìpín náà wá jáde, gbogbo Agbowó ló kún pálọ̀ Àlàájà láti wo ọkọ tuntun. Àwọn àgbà ìlú odò yọ láti inú kùrukùru, wọ́n ń wa ọkọ̀ onígi gbọọrọ kan bọ̀.

"Ọkọ náà nìyí?" Àlàájà ní. "Ó gùn o. Igi ni wọ́n fi ṣe é."

Wọ́n fi Bùrọ̀dá Oníwáyà ṣẹ̀sín débi pé ó jáde lọ dúró síta. Ṣùgbọ́n Bàbá Tísà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kà á fún wa: lẹ́tà wa ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti yí eré padà, wọ́n fi ọkọ̀ rọ́pò ọkọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Títí mo fi kó kúrò nílé náà, wọ́n gbà pé àwọn ló tú ìgbéyàwó yẹn ká.

Màdáàmù kò lé mi. Wọn kò bẹ̀ mí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan sórí tábìlì mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́. Ọdún méjì ni mo tún lò lọ́dọ̀ wọn. Nínú ọdún méjèèjì, ohun kan ni mo ń rò nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè tí mo rí wọn lẹ́yìn tábìlì: lọ́jọ́ tí ìka wọn dúró lórí ìfọwọ́sí mi, ṣé wọ́n ti gbàgbé ìwé tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé ni, àbí wọ́n rántí?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ku àwa méjì nínú ṣọ́ọ̀bù, òjò ń rọ̀, wọ́n sì ní kí n bá àwọn pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ wọn. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "O ṣeun," mo sì ní, "Kò tọ́pẹ́, mà."